Àkọ́sórí, Ìbéèrè àti Ìgbàgbọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọ́mọ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Onísìn Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Díẹ̀ ni ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ onísìn ti ta gbòǹgbò nílẹ̀ Yorùbá bíi ti Abẹ́òkúta. Àwọn Mùsùlùmí ti wà láàárín àwọn Ẹ̀gbá kí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó dé ní oṣù Kejìlá 1842. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS tẹ̀lé e ní oṣù Kìíní 1843. Nígbà tó di 1846, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther fìdí kalẹ̀ sí ìlú náà, ilé ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ti 1867 lé àwọn míṣọ́nárì òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n kò lé ilé ẹ̀kọ́ lọ: àwọn kátíkísì àti tíṣà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló gbé e ró. Títí dòní, ọmọ kan náà lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀ ní òwúrọ̀, kó sì gba ilé kéwú lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: báwo ló ṣe yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀sìn dá sílẹ̀ kọ́ ọmọ kékeré? Ṣé kí ọmọ gba ohun tí a fún un, kó há a sórí, àbí kó fi ohun tó ti mọ̀ nílé àti lóko kọ́ òye tuntun ró fúnra rẹ̀? Tíṣà ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbi tó ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, àbí ó gbọ́dọ̀ máa padà yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó sì máa tún un ṣe?

Èrò méjì láti òkèèrè ló ta kókó ọ̀rọ̀ yìí. Jean Piaget ará Switzerland àti Lev Vygotsky ará Rọ́ṣíà gbà pé ọmọ kì í gba ìmọ̀ bí alábàárù ṣe ń gba ẹrù. Ṣe ló ń fi tuntun wé èyí tó ti ní, tó sì ń tún méjèèjì tò títí wọn yóò fi bára mu. Piaget tẹnu mọ́ ìgbésẹ̀ ọmọ fúnra rẹ̀. Vygotsky tẹnu mọ́ ìrànlọ́wọ́ àgbà àti ẹgbẹ́. Èrò kejì jẹ mọ́ tíṣà. John Dewey ará Amẹ́ríkà kọ̀wé ní 1910 lórí bí ènìyàn ṣe ń ronú jinlẹ̀, nígbà tó sì di 1983, Donald Schön ṣàlàyé pé oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń ronú lórí iṣẹ́ náà bó ti ń ṣe é lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tó bá ṣe é tán.

Àwọn èrò wọ̀nyí rọrùn láti gbà níbi ìṣirò. Ọmọ lè fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàwárí fúnra rẹ̀ pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá. Ṣùgbọ́n kò sí Ààfáà tó fẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣàwárí iye ràkáà tó wà nínú ìrun àsùbá. Ilé ẹ̀kọ́ onísìn ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ tó gbà pé Ọlọ́run ló sọ ọ́, tí ọmọ kò ní àṣẹ láti tún tò. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, oríṣiríṣi ìdáhùn ló sì wà.

Àwọn tó gbà pé àkọ́sórí ni ìpìlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní ilé kéwú àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń bú u láì mọ bó ṣe rí. Ààfáà yóò fi gègé àti tàdáà kọ ọ̀rọ̀ sára wàláà. Ọmọ yóò gbé e lé itan, yóò máa kà á sókè, yóò máa mì síwá sẹ́yìn, títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Bó bá kà á fún Ààfáà láìṣìnà, wọn yóò fọ wàláà náà, wọn yóò kọ òmíràn sí i. Ọmọ tó já fáfá kì í dúró de ẹni tó lọ́ra, ẹni tó lọ́ra kì í sì í tìtorí ẹlòmíràn sáré, nítorí oníkálukú ló ní wàláà tirẹ̀. Àwọn àgbà ọmọ kéwú ló sì ń tẹ́tí sí kíkà àwọn kékeré. Àwọn tó ń polongo ìkọ́ni ìgbàlódé ń pariwo pé kí ọmọ máa lọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ọmọ sì máa kọ́ ọmọ. Ilé kéwú ti ń ṣe méjèèjì tipẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní kátíkísìmù tirẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ìjọ ló ni ìbéèrè, òun náà ló ni ìdáhùn. Ọmọ awo pàápàá, tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ń fi ọ̀pọ̀ ọdún há ẹsẹ̀ sórí kó tó dẹni tó ń dáfá fún ènìyàn. Ìgbà tó bá di babaláwo tán ni ìrònú ń bọ̀ wá bá àkọ́sórí, nítorí oníbèéèrè tó wà níwájú rẹ̀ ló ń pinnu ẹsẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ mu.

Agbára èrò yìí kò kéré. Ọ̀rọ̀ mímọ́ kò yingin. Owó tó ń ná ni kò tó nǹkan. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ti wà lórí rẹ̀ ní ohun tí yóò fi ronú nígbà tó bá dàgbà. Àwọn onímọ̀ òde òní kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2006, Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark kọ àpilẹ̀kọ kan tó dá awuyewuye sílẹ̀, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan kò lè gbé ohun púpọ̀ sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pé kó fúnra rẹ̀ ṣàwárí ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Àlàyé tó yanjú láti ẹnu tíṣà ló ń ràn án lọ́wọ́.

Àléébù rẹ̀ náà kò farasin. Ọmọ lè parí odindi júsù Kùránì kan láì mọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Pàṣán sì ti di ọ̀rẹ́ àkọ́sórí fún ìgbà pípẹ́, ní ilé kéwú àti ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá sì rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ rí àléébù yìí, kó wo Ibn Khaldun, Mùsùlùmí ọmọ Tunis, tó kọ ìwé Muqaddimah ní 1377. Ó sọ níbẹ̀ pé ìkanra mọ́ ọmọ ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́, àti pé àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Kùránì nìkan láìfi ẹ̀kọ́ èdè kún un kì í jẹ́ kí ọmọ mọ èdè náà lò. Ó ní kí tíṣà máa kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa jìn sí i díẹ̀díẹ̀. Láti inú Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ ni àríwísí yìí ti jáde.

Àwọn tó ní ọmọ ló ń kọ́ ìmọ̀ ró

Àwọn wọ̀nyí kò ní kí ọmọ má ṣe há ohunkóhun sórí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbà tí ọmọ bá fọwọ́ ba nǹkan ló ń yé e. Ẹ wo òwe Jésù nípa afúnrúgbìn. Tíṣà kan lè kà á, kó ní kí kíláàsì kà á tẹ̀lé òun, kó sì béèrè ìbéèrè márùn-ún lórí rẹ̀. Òmíràn lè kó àwọn ọmọ jáde sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n gbin àgbàdo sójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le, sórí ilẹ̀ olókùúta, sáàárín koríko àti sórí ebè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò padà lọ wò ó, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí tíṣà tó wá ṣí Bíbélì. Ọmọ àgbẹ̀ láti Odẹ́dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Owódé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ilẹ̀ olókùúta fún un; òun ni yóò ṣàlàyé fún tíṣà.

Abẹ́òkúta ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ tó ṣíwájú ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó lórí èyí. Ní nǹkan bí 1944, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ owó orí àti ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ wọn wọ inú ìpàdé náà, nígbà tó sì di 1946, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ọlọ́jà àti ọ̀làjú jọ wà nínú rẹ̀. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Paulo Freire ará Brazil tó tẹ ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù lọ jáde lórí irú ìkọ́ni yìí. Àmọ́ ká má sọ àsọdùn: àgbà ni àwọn obìnrin ọjà, wọ́n mọ ohun tó ń dùn wọ́n, kò sì sí ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ kí wọ́n gbà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje yàtọ̀.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé òye ń pẹ́ lára ọmọ, ọmọ tí kò sì mọ̀ ọ́n kà dáadáa tún rí ibi tí yóò ti fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Àìlera rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ó ń gba àkókò. Ó ń fẹ́ tíṣà tó mọ ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ju ẹni tó ń ka ìwé jáde lásán lọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní kí ọmọ 35 wà lọ́wọ́ tíṣà kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé kíláàsì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣọ̀wọ́n. Ìtàn náà ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́ kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà rí. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe níwájú ogunlọ́gọ̀ ọmọ bí kò ṣe pé kó ní, “Ẹ tẹ̀ lé mi”?

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ni ti ìgbàgbọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Grimmitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí ọmọ ṣe lè fi ìgbésí ayé tirẹ̀ bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ń gbèrò fún kò sọ pé kí ọmọ di onígbàgbọ́. Ní Abẹ́òkúta, òbí tó mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí fẹ́ kí ọmọ náà gbà á gbọ́, kò kàn fẹ́ kó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀nà tibẹ̀ wá síbí láì rántí èyí yóò já òbí kulẹ̀.

Àtúnṣe láti inú ilé kéwú

Àwọn kan wà tí wọn kò dúró de àlejò kí wọ́n tó tún ilé wọn ṣe. Ẹ̀rù pé ọmọ lè di Kristẹni ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí máa sá fún ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù. Ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan ní Èkó ní 1896 nítorí èyí. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen jáde ní 1923, Nawair-Ud-Deen sì jáde láti Abẹ́òkúta níbí. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gba ìlànà ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù bó ṣe wà, wọ́n fi ẹ̀sìn tiwọn sí i.

Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gba ọ̀nà mìíràn. Abẹ́òkúta ló ti dá ilé kéwú rẹ̀, Markaz, sílẹ̀ ní 1952, kó tó gbé e lọ sí Àgége ní 1955. Ó fi kíláàsì, pátákó ìkọ̀wé, àga ìjókòó, ìdánwò àti ìwé tó ń lọ ní ìpele ìpele rọ́pò agbo tí gbogbo ọmọ ti ń jókòó yí Ààfáà ká, ó sì mú kí èdè Lárúbáwá jẹ́ èdè tí ọmọ ń gbọ́, tó sì ń sọ, dípò èyí tó kàn ń kà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ilé kéwú ìgbàlódé nílẹ̀ Yorùbá ló tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, àtúnṣe náà ní iye tó ná wọn: bí kíláàsì ṣe wọlé, wàláà oníkálukú jáde. Ọmọ tó já fáfá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de kíláàsì, ẹni tó lọ́ra sì bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. Òye pọ̀ sí i, ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan dín kù.

Àwọn tó ní èdè ni kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀rí tó dájú jù lọ nínú gbogbo ìjíròrò yìí kò bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Stífánù Mímọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní St Stephen's “A”, Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ láti ọdún kìíní títí dé ìkẹfà, tíṣà tó mọ̀ nípa Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì kejì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, bí ìlànà ìjọba ṣe wí. Àwọn tó kọ́ ohun gbogbo ní Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn alátakò ní àwọn tíṣà iṣẹ́ náà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àrà ọ̀tọ̀, ìwé wọn pọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ayé ń wò wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí ọmọ yóò ṣe béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ ní èdè tí kò lè fi ṣàwàdà. Ó sì dùn mí pé àwọn ìjọ tí bàbá wọn gbé ìwé Yorùbá jáde, tí wọ́n tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, wà lára àwọn tó ń jẹ ọmọ níyà lónìí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni wọn nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́: ní 2022, ó fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025, ó wọ́gi lé e.

Àwọn tó ní tíṣà ni kí a wò

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti sọ láti 1977 pé kí ìkọ́ni máa gba ọ̀nà ìfọwọ́ṣe àti ìwádìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ti kọ́ ọ̀pọ̀ tíṣà. Síbẹ̀, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí tíṣà ń gbé fún hẹdímásítà fọwọ́ sí. Ibi tó yẹ kí tíṣà ti kọ bí ẹ̀kọ́ ṣe lọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà sábà máa ń kọ ọ́ kó tó wọ kíláàsì! Àwọn tó ń gbé ìrònú tíṣà lárugẹ ní ibẹ̀ gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí ó kọ ohun tí ọmọ ṣì gbọ́, ohun tí ọmọ béèrè tí òun kò lè dáhùn, àti ohun tí òun yóò ṣe lọ́tọ̀ lọ́la. Ẹ̀sìn méjèèjì sì ní kí onígbàgbọ́ máa yẹ ara rẹ̀ wò, kò yẹ kó ṣòro fún wọn.

Ó ṣòro, nítorí tíṣà tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé “Ẹ̀kọ́ yìí kò wọlé” ń fún ọ̀gá tó lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀rí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé kò yẹ ká gbára lé ìrònú tíṣà rárá. Ní Èkó, ètò EKOEXCEL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, fún tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀, kó lè máa tẹ̀ lé e. Ó ń gba tíṣà tí kò mọṣẹ́ tó lọ́wọ́ àṣìṣe, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ kọ́ nǹkan lójoojúmọ́. Ó tún ń sọ tíṣà tó mọṣẹ́ di òǹkàwé.

Àwọn tó ní kí ẹ̀sìn yàgò

Táí Ṣólàárín dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, láìsí ilé àdúrà, àwọn ọmọ sì ń dáko, wọ́n ń mọlé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni, kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìfọwọ́ṣe lè gbèrú láìsí ẹ̀sìn. Nígbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ míṣọ́ọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí: abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí wọ́n má ṣe fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba pa ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọmọ orílẹ̀-èdè nínú ìwé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà (CAN) fárígá ní 2017, wọ́n sì ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ padà. Àwọn òbí ilẹ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹ̀sìn yàgò. Èrò yìí lágbára nínú ìwé ju bó ṣe lágbára nínú ìlú lọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ohun méjì ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú lórí wọn: pé èdè tí ọmọ gbọ́ ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, àti pé ìjà àárín àkọ́sórí àti òye kò yẹ kó wà bí a bá mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ṣì wà nílẹ̀.

Ta ló ń fa ààlà fún ìbéèrè ọmọ? Ọmọ tó gbin àgbàdo lè béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi dá ilẹ̀ olókùúta. Ṣé ìbéèrè ẹ̀kọ́ ni, àbí àìgbọràn? Hẹdímásítà, olùṣọ́ àgùntàn, lèmọ́mù àti òbí lè dáhùn lọ́nà mẹ́rin.

Ta ni yóò wọn òye ẹ̀sìn, báwo ni yóò sì ṣe wọ̀n ọ́n? Iṣẹ́ Ifẹ̀ dá lórí èdè, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Kò wọn ìgbàgbọ́. Ìdánwò wa ń béèrè iye ọmọ Jékọ́bù àti orúkọ àwọn ìrun márùn-ún, ohun tí àkọ́sórí nìkan tó láti dáhùn.

Kí ni ọmọ tó ń lọ láti kíláàsì sí ilé kéwú lójúmọ́ kan náà ń fi ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ṣe nínú ọkàn rẹ̀? Tíṣà òwúrọ̀ àti Ààfáà ìrọ̀lẹ́ kì í jókòó pọ̀ jíròrò lórí ọmọ kan náà tí wọ́n jọ ń kọ́.

Mo rọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ àti ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ Ẹ̀gbá kí wọ́n fún tíṣà ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láìsí kíláàsì, láìsí pé ọ̀gá kankan yóò fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, kí wọ́n jókòó yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Kí ìgbìmọ̀ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí tíṣà lè rí i kà, irú ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ béèrè. Lónìí, tíṣà kíláàsì nìkan ló ń dá èyí pinnu, níwájú àwọn ọmọ, láìní ẹni tí yóò bi léèrè.